Ṣé O Mọ̀ Pé Orúkọ Ìwọ Nìkan Ló Wà Lórí Gbèsè Náà?

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni owó ẹ̀yáwó NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, ń gbà jáde? Owó ilé ẹ̀kọ́ kì í gba ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kọjá rárá, àpò ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń san án sí tààrà. Èyí tó ń wọ àkáǹtì akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ni owó bùkátà, ₦20,000 lóṣù. Orí ₦20,000 yìí ni awuyewuye ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé, torí òun nìkan ni ojú ń rí, òun nìkan sì ni ọwọ́ lè tó.

Ṣé o mọ̀ pé gbèsè ni méjèèjì? Bí owó náà bá ti wọlé, ará ilé á ní "owó Tinúbú ti dé", bí ẹni pé ìrẹsì ọdún ìbò ni wọ́n ń pín. Rárá o. Owó ilé ẹ̀kọ́ àti owó bùkátà jọ wà lójú ìwé kan náà ni, orúkọ kan ṣoṣo ló sì wà lórí ìwé ọ̀hún. Kì í ṣe orúkọ bàbá. Kì í ṣe orúkọ ìyá. Kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n tó san owó fọ́ọ̀mù JAMB. NIN rẹ ni wọ́n gbà, BVN rẹ ni wọ́n gbà, nọ́ńbà ìwé ilé ẹ̀kọ́ rẹ ni wọ́n kọ sílẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé kò pọn dandan kí o gba owó bùkátà? Ẹni tó bá wù ú lè bèèrè fún owó ilé ẹ̀kọ́ nìkan. Bí o bá mọ̀ dájú pé owó yẹn ò ní sùn mọ́jú lọ́wọ́ rẹ, pé wọ́n á ti pín in nílé kó tó wọlé, tí o sì ní ọ̀nà mìíràn tí o lè gbà jẹun, èrò tèmi ni pé kí o fi bùkátà sílẹ̀, kí o gba ti ilé ẹ̀kọ́ nìkan. Gbèsè tí o ò jẹ, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́.

Ṣé o mọ̀ pé kò sí èlé lórí ẹ̀yáwó yìí? Iye tí wọ́n yá ọ ni iye tí o máa dá padà. Ọdún méjì lẹ́yìn tí o bá parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ni òfin ní kí sísan bẹ̀rẹ̀. Bí o bá ń ṣiṣẹ́ oṣù, ẹni tó gbà ọ́ síṣẹ́ ni yóò máa yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ. Bí o bá ń ṣe iṣẹ́ ara rẹ, ìdá mẹ́wàá èrè oṣooṣù ni.

Jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ báyìí. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí ní Nàìjíríà láti oṣù Keje 2024 jẹ́ ₦70,000. Ìdá mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ ₦7,000. Nítorí náà, ₦20,000 ẹyọ kan tí àbúrò bàbá rẹ gbà lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́ Àìkú, tó ní òun máa dá a padà lọ́jọ́ Ajé, tí kò dá a padà mọ́, oṣù mẹ́ta gbáko ló kù díẹ̀ kó gbà ọ́ láti fi san án. Bí o bá gba owó bùkátà oṣù mẹ́wàá, ₦200,000 nìyẹn, oṣù mọ́kàndínlọ́gbọ̀n sì ni wọ́n máa fi yọ ọ́ lára owó oṣù bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹbí ni ì bá dẹwọ́ tí wọ́n bá rí ìṣirò yìí lórí ìwé. Kọ ọ́ sílẹ̀, kí o fi hàn wọ́n.

Ṣé o mọ̀ pé òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú bu ọwọ́ lù ní oṣù Kẹfà 2023 béèrè iye tó ń wọlé fún ẹbí rẹ? Ó ní kò gbọ́dọ̀ ju ₦500,000 lọ lọ́dún. Ó tún ní kí o wá onídùúró méjì, àwọn èèyàn bí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti dé ìpele 12 tàbí lọ́yà tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Mélòó nínú ọmọ mẹ̀kúnnù ló mọ lọ́yà tó máa dúró fún un? Èyí tó dunni jù ni pé òfin náà ní bí bàbá tàbí ìyá rẹ bá ti yáwó rí tí kò san án, ìwọ ọmọ ò lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Ṣé o mọ̀ pé wọ́n ti yí gbogbo ìyẹn padà? Òfin tuntun tí wọ́n bu ọwọ́ lù ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin 2024 yọ òdiwọ̀n owó ẹbí kúrò, ó yọ onídùúró kúrò, kò sì fi gbèsè òbí dí ọmọ lọ́nà mọ́. Ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún yẹn ni ojú òpó ìforúkọsílẹ̀ ṣí. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ọmọ tí bàbá ẹ̀ ti fi ilé sílẹ̀ láti ìgbà tó wà ní pámárì ni pé kò nílò láti wá bàbá kan lọ kó tó lè kàwé. Kò sí ibi tí wọ́n ti máa ní kí bàbá wá fọwọ́ sí i.

Ṣé o mọ̀ pé láàárín àwa Yorùbá nígbà kan, gbèsè bàbá máa ń gun ọmọ lórí? Bí baálé ilé bá yáwó, ó lè fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ ẹni tó yá a. Iṣẹ́ tí ọmọ náà ń ṣe lóko olówó ni èlé. Ojú owó ṣì wà níbẹ̀ digbí, ọmọ ò sì ní bọ́ àfìgbà tí bàbá bá san án. Samuel Johnson, tó jẹ́ àlùfáà ní Ọ̀yọ́, ṣàlàyé àṣà yìí nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó kọ, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Ìwé kan náà sọ̀rọ̀ ológò: ẹni tí olówó máa rán lọ dógò ti onígbèsè, tó máa jókòó sínú ilé ẹ̀, tó máa pariwo, tó máa ki ọwọ́ bọ adìẹ àti oúnjẹ ará ilé, títí gbogbo agbo ilé á fi sáré wá owó nítorí kí wọ́n lè sinmi. Àwọn ayánilówó orí fóònù tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ẹ̀sín ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù onígbèsè, iṣẹ́ ológò gan-an ni wọ́n ń ṣe. Láti 2022 ni FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ìwé àṣẹ, wọ́n sì ti kà á léèwọ̀ fún wọn láti máa dójú ti èèyàn. Wo orúkọ wọn lójú òpó FCCPC kí o tó fọwọ́ kàn wọ́n. Ká tiẹ̀ ní wọ́n wà níbẹ̀, má fi owó bùkátà tí kò léèlé san gbèsè elélèé tí ẹ̀gbọ́n rẹ fi ta tẹ́tẹ́.

Ṣé o mọ̀ nípa GSI? Èyí ṣe pàtàkì, fara balẹ̀ kà á. Láti oṣù Kẹjọ 2020, Báǹkì Àpapọ̀ fi GSI fàyè gba báǹkì tó yáni lówó láti yọ owó rẹ̀ nínú àkáǹtì èyíkéyìí tí onígbèsè ní, ní báǹkì yòówù kó jẹ́. BVN ni wọ́n fi ń wá àkáǹtì wọ̀nyẹn rí. Wàyí o, àǹtí rẹ bẹ̀ ọ́ pé báǹkì ò fẹ́ yá òun lówó mọ́, pé kí o bá òun fi orúkọ tìrẹ gbà á, òun á máa san án díẹ̀díẹ̀. O gbà, torí àǹtí náà ló tọ́ ọ dàgbà. Oṣù kejì, ọjà ò tà, kò rí owó san. Lójú báǹkì, ìwọ lo jẹ ẹ́, kò sí àǹtí kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Báǹkì yẹn lè na ọwọ́ dé inú àkáǹtì mìíràn tí owó bùkátà rẹ ń wọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, gbèsè méjì lo gbé dání: o jẹ NELFUND ní owó tí wọ́n fi san gbèsè àǹtí. Má ya orúkọ rẹ fún ẹnikẹ́ni, àní fún ìyá tó bí ọ.

Síìmù inú fóònù rẹ ńkọ́? Ṣé o mọ orúkọ ẹni tó wà lórí ẹ̀? Ọ̀pọ̀ ọmọ ló jẹ́ pé ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n ló ra síìmù fún wọn nígbà tí wọ́n wà ní sẹ́kọ́ńdírì, NIN ẹni yẹn ni wọ́n sì fi so ó. Ẹni tó ni NIN yẹn ló lè lọ sí ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ síìmù náà kó ní síìmù òun sọnù, kí wọ́n bá òun gba nọ́ńbà náà padà. Bí nọ́ńbà ọ̀hún bá jẹ́ èyí tí báǹkì ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ìjẹ́rìísí ránṣẹ́ sí, kọ́kọ́rọ́ àkáǹtì rẹ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. N ò sọ pé olè ni ìyá rẹ. Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ ọkùnrin lè mú fóònù ìyá rẹ, ọkọ tí ìyá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ náà lè mú un. Fi NIN tìrẹ ra síìmù, lẹ́yìn náà lọ sí báǹkì kí wọ́n bá ọ yí nọ́ńbà tó wà lórí BVN àti àkáǹtì rẹ padà.

Ṣé o mọ̀ pé àkáǹtì tí òbí ṣí fún ọ nígbà tí o kò tíì pé ọdún méjìdínlógún, ọwọ́ òbí ló ṣì lè wà? Òun ni báǹkì mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé. Bí o bá wọ fásitì lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó ṣeé ṣe kí o má tíì yí i padà. Lọ bèèrè.

Ṣé o mọ̀ pé NDIC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo owó inú báǹkì, dúró lẹ́yìn owó rẹ títí dé ₦5,000,000 ní báǹkì ńlá, àti ₦2,000,000 ní báǹkì kéékèèké tí wọ́n ń pè ní microfinance? Láti 2024 ni. Alájọ àdúgbò ò ní irú ẹ̀. Àjọ dára, àjọ ló kọ́ ilé fún ọ̀pọ̀ ìyá wa, ṣùgbọ́n owó tí o yá kì í ṣe owó àjọ.

Ṣé o mọ̀ pé bí o bá lo ATM báǹkì tìrẹ, kò sí owó tí wọ́n ń yọ, àmọ́ láti oṣù Kẹta 2025, ATM báǹkì mìíràn ń gba ₦100 ó kéré tán lórí ₦20,000?

Ọ̀rọ̀ orúkọ. Nínú ilé tí bàbá àti ìyá ti kọ ara wọn sílẹ̀, tàbí tí ọmọ gbé lọ́dọ̀ ìyá ìyá ẹ̀, kì í ṣòro kí JAMB mọ̀ ọ́n sí orúkọ bàbá, kí NIN mọ̀ ọ́n sí orúkọ bàbá àgbà, kí BVN sì ní ọjọ́ ìbí tí wọ́n fọwọ́ kọ nígbà tí wọ́n ń wá ilé ẹ̀kọ́ fún un. NELFUND á kàn dá fọ́ọ̀mù dúró ni, torí àwọn àkọsílẹ̀ yẹn ò bára mu. Ṣé o mọ̀ pé láti 2025, ₦28,574 ni NIMC, àjọ tó ń ṣe NIN, ń gbà láti tún ọjọ́ ìbí ṣe lórí rẹ̀? Ó ju owó bùkátà oṣù kan lọ. Nítorí náà, kó gbogbo ìwé rẹ sórí tábìlì kí fọ́ọ̀mù tó ṣí. Wo orúkọ lẹ́tà sí lẹ́tà. Èyí tó rọrùn láti tún ṣe ni kí o kọ́kọ́ tún ṣe.

Fọ́ọ̀mù NELFUND, ọ̀fẹ́ ni, orí nelf.gov.ng ló wà. Bí o bá lọ kún un ní káfẹ́, jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ọmọkùnrin tó ń tẹ kọ̀ǹpútà fi ímeèlì tiẹ̀ forúkọ rẹ sílẹ̀. Mo ti rí i tó ń ṣẹlẹ̀: ọmọ ò ní ímeèlì, ìlà gùn lẹ́yìn ẹ̀, oníkáfẹ́ ní "jẹ́ ká lo tèmi, kó lè yá." Bó o bá fẹ́ wọlé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ọ̀dọ̀ oníkáfẹ́ lo máa lọ bẹ̀bẹ̀, ẹni yẹn sì lè tún nọ́ńbà àkáǹtì kọ kí o tó dé. Ímeèlì tìrẹ, password tìrẹ, kí ẹ̀gbọ́n pàápàá má mọ̀ ọ́n.

Ṣé o mọ̀ pé bí o bá ti san owó ilé ẹ̀kọ́ kí NELFUND tó san án, ilé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ dá èyí tí o san padà fún ọ? Ní 2025, NELFUND fẹ̀sùn kàn pé àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ń gba owó náà láìsọ fún akẹ́kọ̀ọ́, ICPC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, sì dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Máa wọ ojú òpó náà déédéé kí o rí bóyá wọ́n ti san tìrẹ. Bí wọ́n bá ti san án, kọ lẹ́tà sí bọ́sárì, fi rìsíìtì tìrẹ lé e, kí o tọ́jú ẹ̀dà.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ o. Ká ní ìyá rẹ ló kó àjọ ọdún kan san owó ilé ẹ̀kọ́ yẹn, tí ilé ẹ̀kọ́ wá dá a padà sínú àkáǹtì rẹ. Owó ta ni? Owó ìyá rẹ ni. NELFUND ti san ti ilé ẹ̀kọ́, ìwọ lo máa san ti NELFUND; èyí tó padà wá yẹn, òógùn ìyá ni. Dá a padà fún un tọwọ́tẹsẹ̀, kí o má fi pa mọ́. Bó bá sì jẹ́ pé bàbá san ìlàjì, ìyá san ìlàjì, tí àwọn méjèèjì ò sọ̀rọ̀ síra wọn, fi iye tó jẹ́ ti kálukú ránṣẹ́ sí i lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láti báǹkì, má fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Àkọsílẹ̀ báǹkì á parí ìjà tí ẹnu rẹ ò lè dá sí.

Kíkọ̀ fún àgbà ńkọ́? Ọmọ Yorùbá kì í wo ojú ìyá ẹ̀ kó ní "rárá". Gbọ́ bí ọmọbìnrin kan tó ń di irun ní ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè sọ ọ́ lórí fóònù:

"Ọmọ mi, wọ́n ní owó ìjọba yẹn ti wọlé fún yín."

"Ẹ kú ilé, mà. Bẹ́ẹ̀ ni, mà, ó wọlé lánàá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ránṣẹ́ sí mi, ọ̀la ni àjọ mi."

"Ẹ má bínú, mà. Gbèsè ni wọ́n yá mi, mà, èmi ni wọ́n máa yọ ọ́ lára owó oṣù mi. Mo ti san owó ilé nínú ẹ̀, ti oúnjẹ ló kù. Àmọ́ ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ Ẹtì, mo máa fi ₦3,000 ránṣẹ́ sí yín nínú owó irun."

Kò parọ́ pé owó ò tíì wọlé. Irọ́ yẹn kì í tọ́jọ́, torí ọmọ aládùúgbò náà gba tiẹ̀. Kò fi owó tó yá tọrẹ, inú owó iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ló ti mú nǹkan jáde, ó sì dá ọjọ́. Ìyá lè kùn díẹ̀. Á kùn tán.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun náà ń bá irú ọ̀rọ̀ yìí yí? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá tíì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, owó tó ń wọlé fún ilé tó ti wá ni wọ́n fi ń pinnu iye owó bùkátà tí wọ́n máa yá a. Ṣùgbọ́n bí òun àti òbí ò bá sọ̀rọ̀ mọ́ rárá, ó lè bèèrè pé kí wọ́n má ka owó òbí mọ́ ọn, kí olùkọ́ tàbí ẹlòmíràn tó mọ ọ̀rọ̀ náà sì bá a jẹ́rìí. Ní Amẹ́ríkà, lórí FAFSA, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń bèèrè ìrànwọ́ owó ilé ẹ̀kọ́, bí òbí bá ti kọ ara wọn sílẹ̀, èyí tó náwó lórí ọmọ jù láàárín oṣù méjìlá tó kọjá ló máa kọ owó tiẹ̀ sílẹ̀. Bó bá ti fẹ́ ẹlòmíràn, owó ẹni tuntun yẹn náà wọ̀ ọ́. Àǹtí tàbí ìyá àgbà tó tọ́ ọ dàgbà ní Houston kì í ṣe òbí lójú fọ́ọ̀mù yẹn, àfi tó bá gbà ọ́ ṣọmọ lábẹ́ òfin. Ẹ̀yáwó tí wọ́n ń pè ní Parent PLUS sì ńkọ́? Ti òbí nìyẹn, òbí ló jẹ ẹ́. Bí ẹ bá jọ fẹnu kò pé ọmọ ló máa san án, àdéhùn inú ilé ni, ìjọba Amẹ́ríkà ò mọ̀ ọ́n.

Ṣé o mọ̀ pé bí o bá parí àgùnbánirọ̀, tí ọdún méjì pé, tí iṣẹ́ ò tíì bọ́ sí i, òfin Nàìjíríà ò ní kí o sá? O lè lọ búra ní kọ́ọ̀tù pé o ò ní iṣẹ́, pé owó kankan ò wọlé fún ọ, kí o sì fi ìwé ìbúra yẹn bèèrè pé kí wọ́n sún un síwájú. Má parọ́ níbẹ̀ o: ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta ni òfin 2024 kọ sílẹ̀ fún ẹni tó bá sọ irọ́ fún NELFUND. Òfin kan náà ní wọ́n lè dárí gbèsè jì bí ẹni tó yá a bá kú, tàbí tí àjálù tí ọwọ́ èèyàn ò ká bá dé bá a tí kò lè san án mọ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ló kù. Nǹkan le, a mọ̀. Mi ò bẹ yín pé kí ẹ má bèèrè nǹkan lọ́wọ́ ọmọ tí ẹ tọ́. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ná, kí ẹ jẹ nínú èrè ẹ̀. ₦20,000 yìí, ẹ fi í sílẹ̀ fún un kó fi jẹun, kó fi wọkọ̀ lọ sí kíláàsì. Bí ẹ bá sì ti gba nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ dá a padà fún un kó tó ṣe àgùnbánirọ̀ tán.